Ẹ Bi Wá: Spardhā, sapatna, àti ìdíje àwọn tó sún mọ́ra

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí nípa Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, kò kéré rárá, ibì kan náà ni wọ́n sì forí lé, gbogbo wọn fẹ́ mọ ohun tí èdè yẹn ń pe ìdíje àti ẹni tó ń báni díje. Mo kó wọn jọ síbí kó lè rọrùn fún gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi gan-an, ẹ máa rí ibi tí mo ti fà á gùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ń dá nìkan kọ́ Sanskrit láti inú ìwé, mo wá pàdé ọ̀rọ̀ kan, spardhā. Dikíṣọ́nárì ọwọ́ mi kó ìtumọ̀ jọ fún un rẹpẹtẹ: ìdíje, ìfigagbága, owú, kéèyàn máa lépa àtidà bí ẹlòmíì. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe máa jẹ́ owú, tó tún máa jẹ́ ìdíje? Ṣé nǹkan rere ni spardhā ni àbí nǹkan burúkú? Èwo ni kí n mú? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìforítì o, torí kéèyàn máa dá Sanskrit kọ́ láti inú ìwé, iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹ jẹ́ ká wo gbòǹgbò ẹ̀ ná. Spardh ni gbòǹgbò náà, àwọn ìwé kan máa ń kọ ọ́ ní spṛdh, ohun tó sì ń sọ ni pé kí ẹni méjì tàbí ìhà méjì máa du nǹkan kan ṣoṣo, kí kálukú fẹ́ lékè. Tí wọ́n bá ní spardhate, wọ́n ń sọ pé ó ń bá a du ú nìyẹn. Ẹ wo te tó parí ọ̀rọ̀ yẹn, òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ó wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn onígírámà Sanskrit ń pè ní ātmanepada, ìyẹn ọ̀rọ̀ fún ara ẹni, torí lójú tiwọn èrè irú ìṣe bẹ́ẹ̀ ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é ni. Nínú gbòǹgbò yìí kò sí owú, kò sí ìkórìíra, kò sí inú rere náà. Dídu ló wà níbẹ̀. Ohun tó kù, ẹni tó ń du ú ló ń gbé e wá.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe lò ó. Nínú Bṛhadāraṇyaka Upaniṣad, tó wà lára àwọn Upaniṣad, ìwé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, tó pẹ́ jù lọ, wọ́n ní oríṣi ọmọ méjì ni Prajāpati, bàbá gbogbo ẹ̀dá, ní, àwọn deva, ìyẹn àwọn òrìṣà, àti àwọn asura tí wọ́n ń bá wọn takò. Ìwé náà ní àwọn deva ni àbúrò, àwọn asura ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó lò níbẹ̀ tún lè túmọ̀ sí pé àwọn deva ò tó nǹkan, àwọn asura ló pọ̀. Ó wá ní aspardhanta, wọ́n ń bá ara wọn du àwọn ayé yìí. Ṣé ẹ rí i báyìí, kò sí àjèjì kankan tó ti òkèèrè wá gbógun tì wọ́n, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ọbàkan ni wọ́n, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ń jìjàdù ogún.

Ìwé míì wà tó ń jẹ́ Śatapatha Brāhmaṇa, ìwé ńlá tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rúbọ àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, gbólóhùn yìí kan náà ló fi ń ṣí ọ̀pọ̀ ìtàn ẹ̀: àwọn deva àti àwọn asura, ọmọ Prajāpati làwọn méjèèjì, wọ́n ń bá ara wọn díje. Paspṛdhire ló pè é, gbòǹgbò kan náà ni. Ọ̀kan wà nínú àwọn ìtàn yẹn tó dáhùn ìbéèrè yín tààrà. Wọ́n ní nígbà tí ìdíje náà ń lọ lọ́wọ́, àwọn asura wo ara wọn, wọ́n ní, ta gan-an làwa fẹ́ máa rúbọ sí, ni wọ́n bá ń gbé ọrẹ náà sẹ́nu ara wọn. Àwọn deva ní tiwọn, ẹnì kìíní ń gbé ti ẹ̀ fún ẹnì kejì, wọ́n ń rúbọ sí ara wọn, bí Prajāpati ṣe fi ara ẹ̀ fún wọn nìyẹn, àwọn asura sì ṣègbé. Ìwé náà dárúkọ ohun tó pa wọ́n, ó pè é ní atimāna, ìgbéraga tó ti kọjá ààlà. Kò sọ pé spardhā ló pa wọ́n o! Ìhà méjèèjì ló wà nínú spardhā, àwọn tó borí díje, àwọn tó ṣubú náà díje, ìgbéraga ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ wo Karna nínú Mahābhārata, ewì gígùn tó ń sọ ìtàn ogun láàárín àwọn ọmọ ọba tó jẹ́ ẹbí kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ọba ń kọ́ṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ Drona, Karna náà wà níbẹ̀, ọmọ tí awakọ̀ ẹṣin tọ́ dàgbà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn nígbà yẹn pé Kuntī tó bí Arjuna, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba yẹn, ló bí òun náà. Ìwé náà ní spardhamāna ni pẹ̀lú Arjuna, ẹni tó ń bá Arjuna díje, ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀, ó tún lẹ ọ̀rọ̀ míì mọ́ ọn, atyamarṣaṇa, ẹni tí kò lè mú nǹkan mọ́ra rárá. Ó wá sá sábẹ́ Duryodhana, ọmọ ọba tó ń bá àwọn Pāṇḍava, ìyẹn Arjuna àti àwọn arákùnrin ẹ̀, ṣọ̀tá, ó sì ń fojú tín-ín-rín wọn. Ẹ ò rí i pé nígbà tí akéwì náà fẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń bà jẹ́, ó ní láti wá ọ̀rọ̀ míì kún un, torí spardhamāna nìkan kò lè sọ ọ́. Mo máa ń dúró síbẹ̀ tí mo bá kà á, ó sì máa ń dùn mí nítorí Karna, torí àbúrò ẹ̀ ló ń bá du iyì yẹn láìmọ̀.

Ní Íńdíà òde òní ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàyè, kò sì sóhun tó burú lára ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra tí wọ́n ti ń sọ Marathi, spardhā ni wọ́n ń pe ìdíje yíya raṅgoḷī, ìyẹn àwọn àrà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun yà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, spardhā náà ni ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọléèwé, ìdánwò tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ kí wọ́n tó lè ríṣẹ́ ọba, spardhā parīkṣā ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń sọ Kannada ní tiwọn ń pè é ní spardhe. Ní Hindi, pratispardhā ni wọ́n sábà máa ń lò, ẹni tó ń báni díje á jẹ́ pratispardhī.

Torí náà, tí ẹ bá ń túmọ̀ ìwé tí ẹ sì pàdé spardhā, ìdíje ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Bí irú atyamarṣaṇa bá wà nítòsí ẹ̀, ẹ lè fi owú kún un. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre.

Ìbéèrè: Ẹ ǹ lẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí Sanskrit ń lò fún ọ̀tá tàbí abánidíje, sapatna, inú ọ̀rọ̀ orogún ló ti jáde. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ akọ ni sapatna, ọkùnrin ló ń tọ́ka sí, ọkùnrin ò sì lè jẹ́ orogún ẹnikẹ́ni. Ẹ bá wa dá sí i kí ìjà má baà dé. (Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì)

Ìdáhùn: Ọmọ yín tọ̀nà, mà. Mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè, torí nínú gbogbo lẹ́tà tó wọlé, tiyín yìí ló dùn mọ́ mi jù.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Pati ni ọkọ, ó tún jẹ́ olúwa. Patnī ni aya, ìyá ilé. Sa tó wà níwájú ń sọ pé nǹkan náà jẹ́ ti àjọni. Sapatnī wá di àwọn obìnrin tó jọ ní ọkọ kan, orogún gẹ́lẹ́. Títí dé ibí yìí kò sí wàhálà.

Ibi tó yani lẹ́nu ló kàn. Bí Sanskrit ṣe sábà ń ṣe é ni pé ọ̀rọ̀ akọ ló máa ń kọ́kọ́ wà, wọ́n á wá mú ọ̀rọ̀ abo jáde lára ẹ̀. Deva wà kí devī tó wà, rājan tó jẹ́ ọba wà kí rājñī tó jẹ́ ayaba tó wà. Ṣùgbọ́n sapatna yí i po, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ wà, wọ́n wá mú un, wọ́n sọ ọ́ di akọ, ó di ọ̀rọ̀ fún ọkùnrin tó ń báni du oyè, fún ọba tó ń báni du ilẹ̀, fún ọ̀tá lójú ogun pàápàá. Àwọn tó ń sọ èdè yẹn wá orúkọ fún gbogbo abánidíje ayé, inú yàrá àwọn orogún ni wọ́n ti rí i. Ọkùnrin tó di ìhámọ́ra tó ń pariwo pé òun máa pa sapatna òun, orogún òun ló ń pè bẹ́ẹ̀ tí a bá tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan náà ṣe gbóná tó, ẹ lọ sínú Ṛgveda, àkójọ orin mímọ́ tó ti lé ní 3,000 ọdún, orin 1,028 ló wà níbẹ̀ nínú ìwé 10. Ẹ ṣí ìwé kẹwàá, orin 145. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, àwọn àgbà ilẹ̀ náà sọ pé Indrāṇī, aya Indra tó jẹ́ ọba àwọn òrìṣà, ló ni orin náà. Ó ń hú ewéko kan nílẹ̀, ó ní òun ń hú ewéko tó lágbára jù lọ, èyí tí wọ́n fi ń lé orogún lọ, tí wọ́n fi ń gba ọkọ. Ó bá ewéko náà sọ̀rọ̀, ó pọ́n ọn lé, ó ní kó fẹ́ orogún òun dànù kó sì sọ ọkọ di ti òun nìkan. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò tilẹ̀ ní dárúkọ obìnrin yẹn, ọ̀nà tó jìn jù lọ làwọn ń lé e lọ. Ó sì parí ẹ̀ pẹ̀lú ọkọ náà, pé kí ọkàn ẹ̀ máa sáré tọ òun bọ̀ bí abo màlúù ṣe ń sáré tọ ọmọ ẹ̀, bí omi ṣe ń bá ojú ọ̀nà ẹ̀ lọ. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni gbogbo ẹ̀. Mi ò mọ bí ẹlòmíì ṣe ń kà á, àmọ́ lójú tèmi ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú orin yẹn, ìbẹ̀rù ẹni tó ń pín ilé, tó ń pín ọkọ, tí kò dá a lójú pé ipò òun ò ní bọ́.

Orin 159 nínú ìwé kan náà ni ti ẹni tó ti borí. Śacī ni wọ́n ní ó ni ín, orúkọ míì tí wọ́n ń pe aya Indra ni. Ó ní oòrùn ti yọ, oríire òun náà ti yọ, òun ni àsíá, òun ni orí, àwọn ọmọkùnrin òun ń pa ọ̀tá, ọmọbìnrin òun ń jọba, òun ò ní orogún mọ́, òun ti ṣẹ́gun wọn. Asapatnā ló pe ara ẹ̀, ẹni tí kò ní orogún.

Ẹ wá ṣí orin 166, ìwé kẹwàá náà ni, ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ òun di akọ màlúù láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun, kí wọ́n sọ òun di ẹni tó ń ṣẹ́gun àwọn sapatna. Ẹ kíyè sí i, láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun ló wí o, samānānām, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọgbọọgba. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu obìnrin tó ń hú ewé, ó ti bọ́ sẹ́nu ọkùnrin tó ń wá ipò, ọ̀rọ̀ kan náà ni, irú àníyàn kan náà ni.

Mo fẹ́ fi ibì kan kún un kí n tó kúrò níbí, torí ó máa ń mú mi lọ́kàn gan-an. Nínú Bhagavad Gītā, apá Mahābhārata tí Arjuna ti ń bá Kṛṣṇa, òrìṣà tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun ẹ̀, sọ̀rọ̀, orí kejì, ẹsẹ 8, Arjuna wà láàárín ọmọ ogun méjì, ó ti kọ̀ pé òun ò jà, ó ní òun ò rí ohun tó lè mú ìbànújẹ́ tó ń gbẹ òun lára yìí kúrò, kódà kí òun gba ìjọba tó lọ́rọ̀ lórí ilẹ̀ ayé, ìjọba tí kò ní abánidíje, kí òun sì tún jẹ olórí lórí àwọn òrìṣà. Ọ̀rọ̀ tó lò fún ìjọba tí kò ní abánidíje yẹn ni asapatna, ìjọba tí kò ní orogún. Śacī pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ó ń yọ̀. Arjuna wo ohun kan náà, ó ní kò lè tu òun nínú.

Àwọn ìtàn tó wà lórí orogún nínú ìwé wọn pọ̀. Kadrū àti Vinatā wà nínú Mahābhārata, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, Kaśyapa kan náà ló fẹ́ wọn, wọ́n wá fi òmìnira ara wọn ta tẹ́tẹ́ lórí àwọ̀ ìrù ẹṣin kan tó funfun, Kadrū ní dúdú ni ìrù ẹ̀, ó wá ní kí àwọn ejò tó jẹ́ ọmọ òun lọ lẹ̀ mọ́ ìrù náà bí irun dúdú, bó ṣe jẹ ẹ̀ nìyẹn tí Vinatā fi di ẹrú, títí Garuḍa ọmọ ẹ̀ fi lọ gbé amṛta, ohun mímu àìkú, wá rà á padà. Dhruva náà wà, ọmọ ọba Uttānapāda, Sunīti ni ìyá ẹ̀, Suruci tí ọba fẹ́ràn jù sì ni orogún ìyá ẹ̀. Ọmọdé náà fẹ́ jókòó lórí itan bàbá ẹ̀, Suruci ní tó bá wù ú láti gorí ìtẹ́, kó lọ gbàdúrà kí wọ́n tún un bí láti inú òun. Ọmọ náà wọ igbó lọ, ó gbàdúrà débi pé òrìṣà Viṣṇu fara hàn án, òun ni wọ́n ní ó di ìràwọ̀ ìhà àríwá tí kì í kúrò lójú kan.

Nínú ilé àwọn tó ń sọ Hindi lónìí, saut tàbí sautan ni wọ́n ń pe orogún, sapatnī náà ló yọ́ di bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn láti ọdún pípẹ́ wá. Ara ẹ̀ náà ni sautelā ti jáde, tí wọ́n ń lò fún ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹni, sautelī mā̃ sì ni ìyàwó bàbá ẹni. Òfin ìgbéyàwó àwọn Hindu tí wọ́n ṣe ní Íńdíà lọ́dún 1955 ti ní ọkùnrin Hindu ò gbọ́dọ̀ ní ju aya kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò bá òfin lọ, ó ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní bhrātṛvya túmọ̀ sí ọmọ arákùnrin, wọ́n tún ní ó túmọ̀ sí ọ̀tá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹbí ṣe di ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? (Ẹni tó ń ka Veda)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Bhrātṛ ni arákùnrin, bhrātṛvya sì ni ọmọ tó ti ara ẹ̀ wá. Nínú Atharvaveda, ìkan lára àwọn ìwé mímọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Veda, ẹ máa rí i fún ọmọ arákùnrin bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé inú àwọn ìwé ìrúbọ, ẹ ò ní rí ẹbí mọ́, gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa sọ pé ẹni tó bá rú ẹbọ báyìí báyìí máa borí bhrātṛvya ẹ̀, abánidíje ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Pāṇini, àgbà onígírámà tó kọ nǹkan bíi 4,000 òfin kéékèèké lórí Sanskrit ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Kristi, rí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì fò ó. Ó ya òfin méjì sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé kẹrin ẹ̀, ìkan fún ọmọ arákùnrin, ìkejì tó tẹ̀ lé e ní ọ̀rọ̀ méjì péré, vyan sapatne, ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ abánidíje lẹ ní lọ́kàn, ìparí báyìí ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ sì rí ọ̀rọ̀ tó fi ṣàlàyé abánidíje, sapatna wa yẹn náà ni, ọ̀rọ̀ tó ti inú orogún jáde!

Ohun tó mú kí ó nílò òfin méjì ni ohùn. Sanskrit ìgbà Veda ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ àti èyí tó ń já láti òkè wálẹ̀, lẹ́tà inú bhrātṛvya méjèèjì kò yàtọ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ohùn òkè sórí bhrā tó ṣáájú, ọ̀tá ni, tí ẹ bá sì jẹ́ kí ohùn já níparí, ọmọ arákùnrin yín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka Yorùbá, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín bí ohùn nìkan ṣe lè ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Nígbà tó yá ohùn wọ̀nyẹn kúrò lẹ́nu àwọn tó ń sọ Sanskrit, ọ̀rọ̀ méjèèjì wá di ọ̀kan pátá.

Ní ti bí ẹbí ṣe di ọ̀tá, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ arákùnrin bàbá yín ni ilẹ̀ jọ kàn yín, òun ni oyè jọ tọ́ sí yín, àjèjì ò lè bá yín dé ibẹ̀. Mahābhārata látòkèdélẹ̀, ìjà bhrātṛvya ni. Dhṛtarāṣṭra àti Pāṇḍu, ọmọ bàbá ni wọ́n, Dhṛtarāṣṭra bí àwọn Kaurava, Pāṇḍu bí àwọn Pāṇḍava, ìtẹ́ Hastināpura, olú ìlú wọn, kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Duryodhana lọ sí ààfin tuntun tí Maya kọ́ fún àwọn ọmọ arákùnrin bàbá ẹ̀, ilẹ̀ dídán ló pè ní omi, omi ló pè ní ilẹ̀, ó já sínú ẹ̀ wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè sùn dáadáa mọ́, ibẹ̀ ni Śakuni arákùnrin ìyá ẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ ayò kalẹ̀, tẹ́tẹ́ tó jẹ ìjọba àwọn Pāṇḍava run, tó sì wá dogun. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má rò pé láti ààfin ló ti bẹ̀rẹ̀ o, nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú oyún gan-an, Gāndhārī tó jẹ́ ìyá àwọn Kaurava ti gbọ́ pé Kuntī ti bímọ ṣáájú òun, ó fi ìbínú lu ikùn ara ẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni ìyàtọ̀ láàárín spardhā, īrṣyā, asūyā àti mātsarya? Wọ́n ń dà mí lójú rú. (Ẹni tó ń ṣe yoga)

Ìdáhùn: Ní kúkúrú, spardhā ni dídu, a ti sọ ọ́ lókè. Īrṣyā ni owú, kí ohun tí ẹlòmíì ní máa jó èèyàn nínú, Atharvaveda ní ọfọ̀ tí wọ́n fi ń pa á bí ẹni ń paná, wọ́n tilẹ̀ pè é ní iná ọkàn. Asūyā ní tirẹ̀ ni kéèyàn máa wá àléébù sára ìwà rere ẹlòmíì, bí ẹnì kan bá ṣe dáadáa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ní, àmọ́ ó ní àléébù báyìí báyìí. Nínú Gītā orí kẹsàn-án, Kṛṣṇa sọ fún Arjuna pé òun máa fi àṣírí tó ga jù hàn án torí kò ní asūyā.

Mātsarya ni ìlara tó pọ̀ débi ahun, kí ó dun èèyàn pé ẹlòmíì rí jẹ. Ó wà lára ọ̀tá inú mẹ́fà tí wọ́n máa ń kà pa pọ̀: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìbínú, ojúkòkòrò, ìdàrú ọkàn, ìgbéraga àti òun fúnra ẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ohun kan tẹ́ ẹ máa gbádùn ni pé matsara tí wọ́n mú un jáde lára ẹ̀, nínú Ṛgveda, ohun tó ń mú orí yá ni, wọ́n ń lò ó fún soma tí wọ́n ń mu níbi ìrúbọ. Ìgbà tó yá ló yí padà di ìlara. Ẹ kíyè sí i pé spardhā kò sí nínú mẹ́fà yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yoga, ọ̀rọ̀ tó dojú kọ gbogbo ìwọ̀nyí wà nínú Yoga Sūtra, orí kìíní, òfin 33, muditā ni, kí inú èèyàn dùn sí ẹni tó ń hùwà rere. Ìwé náà kà á pọ̀ mọ́ ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn tòrò, òun àti ìbárẹ́ pẹ̀lú ẹni tí nǹkan ń dùn fún, àánú fún ẹni tó ń jìyà, àti àìbínú sí ẹni burúkú.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń pe spardhā, báwo la sì ṣe ń kọ ọ́ ní lẹ́tà tiwọn? (Òǹkàwé tuntun)

Ìdáhùn: स्पर्धा ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Devanāgarī. Ẹ má fi fáwẹ́ẹ̀lì kankan sáàárín s àti p, ẹ pè wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A tó wà láàárín kúrú, ẹ má fà á. R yẹn ní láti dún, òun àti dh tó tẹ̀ lé e, kálukú ló ní ohùn tiẹ̀. Dh sì yàtọ̀ sí d lásán, ẹ jẹ́ kí èémí jáde pẹ̀lú ẹ̀, tí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ā tó parí ẹ̀ gùn, ẹ fà á dáadáa. Nínú sapatnī, ī tó gbẹ̀yìn náà lẹ máa fà, a inú sapatna ò gùn.